Orí Ẹja Tó Kọjú Sí Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣọ́ọ̀bù méjì ló tọ́ mi dàgbà ní Lilburn, lẹ́bàá Atlanta ní America, ògiri kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín. Ọ̀kan jẹ́ ti màmá mi, níbi tí wọ́n ti ń dirun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èkejì jẹ́ ti tọkọtaya ará China kan tí wọ́n ń ta oúnjẹ. Bí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé bá ti já mi sílẹ̀, màmá mi á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní, "Ó yá, kọjá sọ́dọ̀ Aunty Lin, irun wà nílẹ̀ níbí." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín náà fi iṣẹ́ ọwọ́ tọ́ yín ní Atlanta yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó bá wà nítòsí ló ń bá ni wo ọmọ.

Ó wù mí kí n sọ ìtàn yìí jẹ́jẹ́, bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ti ìgbà èwe wọn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò tó ohun tí èèyàn ń bínú sí, kí ó dúró gbọ́ ọ tán ná.

Màmá mi ló ní kí n máa pè wọ́n ní Aunty Lin. Wọ́n ní a kì í fi orúkọ pe ẹni tó bá dàgbà juni lọ ní ṣákálá, ará China ni o, ará Ìjẹ̀bú ni o. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Aunty Lin kò pe màmá mi lórúkọ rí. Ọ̀rọ̀ kan wà lédè wọn tó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n obìnrin, òun ni wọ́n fi ń pe màmá mi. Mei, ọmọ wọn, ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Èmi àti Mei jọ wà ní kíláàsì kan náà. Mo kọ́ ọ ní ten-ten nínú parking lot tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í borí mi, inú mi kò sì dùn sí i.

Iṣẹ́ pọ̀ fún wa. À ń bó edé, à ń já ìdí ẹ̀wà tútù, à ń fi ìyẹ̀fun pípò di ẹran lílọ̀ ní kékeré kékeré títí ìka á fi máa ro wá. Òórùn edé kì í kúrò lọ́wọ́ mi, ó máa ń bá mi dé ilé-ìwé, ó sì máa ń bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá ṣẹ̀, ìyà tiwọn ni kí ọmọ dúró kí ó kọjú sí ògiri. Ìyà tiwa, ẹ ti mọ̀ ọ́n, kúnlẹ̀ kí o káwọ́ sókè. Lọ́jọ́ tí a da odindi àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀, ìyá méjèèjì yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó fẹ́ fi òfin tirẹ̀ tẹ́ èkejì. Bí a ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, tí a káwọ́ sókè, tí a sì kọjú sí ògiri. Mei ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bá fi tèmi kún un.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, oúnjẹ iwájú wà, oúnjẹ ẹ̀yìn sì wà.

Ẹ jẹ́ kí n ti iwájú bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú adìẹ, ẹ bó awọ rẹ̀ dànù, ẹ yọ gbogbo eegun rẹ̀, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, ẹ dín in gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá da omi ṣúgà lé e lórí títí á fi máa dán bíi bàtà ọjọ́ Sunday. Orange chicken ni wọ́n ń pè é. Ìṣojú mi ni wọ́n ti ń da ṣúgà náà sínú rẹ̀, kọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń bù ú, kì í ṣe ṣíbí. Wọ́n á to broccoli sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewébẹ̀ tí Aunty Lin ní àwọn kò fojú kàn rí àfìgbà tí àwọn dé America. Bísíkíìtì kékeré tó ní ìwé nínú, èyí tí wọ́n ń fún oníbàárà bó bá ń lọ, America náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Mei sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ìyá òun kọ́kọ́ ya ọ̀kan, tí wọ́n rí ìwé nínú rẹ̀, wọ́n rò pé ẹni tó ṣe é ló gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Uncle Lin, ọkọ wọn, ló máa ń dúró sídìí kọ́ńtà. Òfin tiwọn kúrú: kí oúnjẹ dùn, kí ó pọ́n, kí ó má léegun, kí ó má sì jọ ohun tó wà láàyè rí. N kò dá wọn lẹ́bi. Ilé tí wọ́n ń gbé, bàtà ẹsẹ̀ Mei, gbogbo rẹ̀ wà lórí adìẹ oníṣúgà yẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í fẹ́ dán nǹkan tuntun wò.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, Aunty Lin á pa iná abẹ́ epo ìdínǹkan, wọ́n á wá se oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn máa jẹ. Ẹsẹ̀ adìẹ. Omi ọbẹ̀ eegun tó ti ń hó láti òwúrọ̀. Ewébẹ̀ tó korò díẹ̀, tí wọ́n fi aáyù yí nínú epo gbígbóná. Àti ẹja. Ẹja odindi, orí, ìrù, lẹbẹ, gbogbo rẹ̀ pé. Ooru omi ni wọ́n fi ń sè é lórí àwo, wọ́n á wá gé atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé tín-ín-rín lé e lórí, wọ́n á gbé epo kaná títí á fi máa rú èéfín, wọ́n á dà á sórí rẹ̀, á dún ṣàà. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ti kún ẹnu mi.

Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ bá wọn jókòó, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀fọ́ tiwa dání, pọ̀nmọ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ojú ń tì mí sílẹ̀. Mo ti mọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sọ nípa pọ̀nmọ́. Aunty Lin fi igi ìjẹun wọn mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n mi orí, wọ́n mú òmíràn. Wọn kò béèrè pé kí ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹja kalẹ̀, wọ́n sì rọra yí àwo náà títí orí ẹja fi kọjú sí màmá mi.

Ọwọ́ màmá mi dúró lókè. Nílé tiwa, bàbá mi nìkan ló ń jẹ orí ẹja. Bí bàbá mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní McDonough, wọ́n á bo orí náà pamọ́ dè wọ́n, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án á ṣàlàyé. Mei wá sọ fún wa pé nílé àwọn, ẹni tí wọ́n bá bọlá fún jù nídìí tábìlì ni orí ẹja ń kọjú sí. Màmá mi jẹ orí náà, wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ tónítóní. Nígbà tí a padà sí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tó sọ pé, "Ẹni tó bí obìnrin yìí kọ́ ọ. Ó mọ èèyàn-án pọ́n lé."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Òyìnbó ẹnu wọn kò tó nǹkan nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó jọ ń fa eegun mu kò nílò òyìnbó púpọ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ nìyí. Aunty Lin fẹ́ ta ẹja yẹn fún àwọn ará iwájú. Ìyá wọn ni wọ́n mọ̀ mọ́ ẹja náà ní ìlú wọn, àwọn èèyàn máa ń ti àdúgbò mìíràn wá jẹ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn ni Aunty Lin sì ti kọ́ ọ láti kékeré. Wọ́n wá dé America, wọ́n di ẹni tó ń dín adìẹ sínú ṣúgà lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí àwa, kò sí àjèjì kan tó tíì jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn gan-an. Wọ́n fẹ́ kí ẹyọ kan péré nínú oúnjẹ ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ tiwọn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Uncle Lin kọ̀. Wọ́n bá ara wọn fà á nínú kíṣìnì, ìkòkò ń dún gbàngbàn, Mei sì kọ̀ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wa. Màmá mi fetí sí i láti ara ògiri, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lèyí, mo mọ ohùn ẹ̀." Nígbẹ̀yìn, Uncle Lin gbà pé kí wọ́n dán an wò ní Friday kan. Èmi àti Mei ya ẹja sára páálí, a kun ojú rẹ̀ rogodo, a gbé e kọ́ sójú fèrèsé. Kò sí orí tí màmá mi dì ní ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹja náà sí létí.

Tọkọtaya aláwọ̀ funfun kan wà tí kì í pa Friday jẹ. Orange chicken ni tiwọn, kì í yẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ èmi àti Mei, wọ́n sì máa ń fún wa ní súìtì. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, obìnrin yẹn rí àwòrán wa, ó ní ó rẹwà, ó ní kí wọ́n gbé ẹja náà wá.

Aunty Lin pààrọ̀ épírọ́ọ̀nù. Wọ́n fọ ojú, wọ́n fi omi tọ́ irun wọn. Wọn kì í jáde sí iwájú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àwọn fúnra wọn ló gbé àwo náà jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n yí i jẹ́jẹ́ títí orí ẹja fi kọjú sí obìnrin náà.

Obìnrin yẹn fi àga rẹ̀ ta sẹ́yìn. "Ó ń wò mí," ló wí. "Ẹ gbé e kúrò, ó ń wò mí." Ó fi pépà inujú bo ojú ẹja bí ìgbà tí wọ́n bá bo òkú. Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Uncle Lin, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún wa ní oúnjẹ Chinese gidi?"

Oúnjẹ Chinese gidi. Ó sọ ọ́ fún ará China, nínú ṣọ́ọ̀bù ará China, níwájú ẹja tí ìyá fi kọ́ ọmọ. Ẹ bá mi dá a rò. Wọ́n ti gé oúnjẹ wọn kúrú kí ó lè bá ẹnu rẹ̀ mu, wọ́n yọ eegun, wọ́n yọ awọ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ṣúgà nítorí tirẹ̀, òun ló wá jókòó tó ń sọ pé èyí tí wọ́n gé kúrú yẹn ni ojúlówó. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀rín ọkùnrin yẹn, orí mi á gbóná.

Uncle Lin tẹ̀ríba. Wọ́n tún tẹ̀ríba. Wọ́n gbé àwo náà nílẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ orange chicken fún ìyàwó wọn. Mo ń retí kí Aunty Lin sọ̀rọ̀. Wọ́n nu ọwọ́ tí kò tutù, wọ́n wọlé lọ. Mo gbọ́ bí iná abẹ́ epo ṣe tàn.

Màmá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àti oníbàárà kan tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n gba àwo ẹja náà lọ́wọ́ Uncle Lin. Wọ́n jókòó sí tábìlì tó kọjú sí ti tọkọtaya náà, wọ́n yí orí ẹja sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n jẹ ojú rẹ̀, wọ́n fa eegun kọ̀ọ̀kan mu, wọ́n ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọn kò sì gbé ojú kúrò lára obìnrin yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n sọ fún un ní Yorùbá pé, "Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́. Ó rò pé wọ́n kí òun ni.

Páálí wa kúrò lójú fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn nìkan kọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ẹ̀yìn níbẹ̀, nídìí tábìlì tiwa, Aunty Lin gbé ẹja kalẹ̀, ẹja náà kò ní orí. Màmá mi wò ó. Wọ́n ní, "Orí ẹ̀ dà?" Aunty Lin ní, "Báyìí ló rọrùn." Wọn kò yí àwo náà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ yí i sí. Màmá mi lọ fọ ọwọ́, wọn kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú kóòmù, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn ará iwájú ti dé ẹ̀yìn."

Ọjọ́ ti pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ti di ti ẹlòmíràn. Uncle Lin ti sùn, bàbá mi náà ti sùn. Màmá mi ń gbé pẹ̀lú mi, Aunty Lin ń gbé pẹ̀lú Mei ní Austell. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ará ọ́fíìsì mi mú mi lọ jẹun ní ilé oúnjẹ tuntun kan láàárín ìlú, níbi tí iná kò mọ́lẹ̀, tí àga sì le. Wọ́n gbé ẹja jáde, odindi, torí tìrù, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé. Ọmọkùnrin tó gbé e wá dúró, ó ń kọ́ wa. Ó ní oúnjẹ Chinese gidi nìyí, pé ọ̀gá àwọn, tó jẹ́ òyìnbó, ló rin ìrìn àjò lọ kọ́ ọ wá. Gbogbo tábìlì yọ fóònù, wọ́n ń ya ojú ẹja. Ẹni tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má bẹ̀rù, pé orí ló dùn jù.

Èmi. Èmi ni wọ́n ní kí n má bẹ̀rù orí ẹja. Mo ní ara mi kò yá, mo jáde lọ sínú ọkọ̀ mi, mo fi ọwọ́ gbá sítíárì títí ó fi dùn mí. Ohun tí wọ́n fi tẹ́ ìyá kan ní Lilburn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún níbẹ̀ yẹn, ẹni tó ni ín kò sì sí níbẹ̀. Mo pe Mei. Mo ní kí ó gbé ìyá rẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ra ẹja tó dára. Mo sè é bí mo ṣe rántí rẹ̀, odindi, lórí àwo. Nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún, mo ní kí Tọ́lá ọmọ mi máa gbé oúnjẹ sórí tábìlì kí n lọ ṣílẹ̀kùn. A kí ara wa, a jókòó. Mo wo àwo. Ẹja náà kò ní orí. Ọmọ mi ti gé e, ó sì ti to ọsàn wẹ́wẹ́ sí ibi ọrùn rẹ̀, ó dùn ún wò.

"Mummy, mo ti yọ orí ẹ̀," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Kí ẹ̀rù má bàa ba Grandma Lin."

Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Àlejò ló fẹ́ ṣe lóore. Mo dìde dúró, màmá mi ló fọwọ́ dá mi jókòó.

Aunty Lin wo ẹja náà. Wọ́n yíjú sí ọmọ mi. Wọ́n ní, "Orí ẹ̀ dà?"

Tọ́lá ní ó wà nínú abọ́ kan ní kíṣìnì. Aunty Lin mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọn kò jẹ́ kí Mei bá wọn lọ. Wọ́n gbé abọ́ náà dé, wọ́n kó ọsàn dànù, wọ́n fi orí ẹja sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọra yí àwo títí ó fi kọjú sí màmá mi. Màmá mi la orí náà sí méjì. Wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sínú abọ́ Aunty Lin. Wọ́n gbé èkejì, tòun ti ojú rẹ̀, síwájú ọmọ mi.

Tọ́lá fi àga rẹ̀ ta sẹ́yìn. "Grandma, ó ń wò mí."

Nígbà èwe mi, bí ẹnì kan ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tẹ̀ríba fún un, ìyá kan sì padà sídìí iná. Lóde òní, inú ilé mi ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọ tí mo bí. Mo ti la ẹnu láti jágbe, ṣùgbọ́n màmá mi ṣáájú mi, wọn kò sì gbé ohùn sókè rárá.

"Ó ń wò ọ́?" ni wọ́n wí. "Ìwọ náà wò ó."